Oníbúrẹ́dì àti Mẹ́mórì Kọ̀ǹpútà

Oníbúrẹ́dì náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ débi pé bó bá ń po ìyẹ̀fun láàárọ̀, ẹ̀rín obìnrin náà ló máa ń dún sí i létí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó, ìgbéyàwó wọn kò sì tíì pẹ́. Nínú gbogbo ẹrù tó kó wá láti ilé bàbá rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó fi ń ṣe géèmù. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà lókè òkun á jọ máa sá eré mọ́tò lórí rẹ̀.

Eré náà kì í ṣe eré lásán. Láti ọjọ́ tí àfẹ́sọ́nà àbúrò yìí ti já a jù sílẹ̀, kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni mọ́. Inú géèmù yẹn nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àfi bí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe sọ ọ́ dọ̀tun, tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú láàárín eré. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò ní, "Àǹtí mi, ó jọ pé ká kúkú fi sílẹ̀." Ìyàwó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Omijé yẹn gún ọkọ lọ́kàn.

Ó béèrè kiri, wọ́n ní mẹ́mórì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́, ló kéré. Ló bá lọ ra èyí tó tuntun jù, tó sì tóbi jù. Lọ́sàn-án Sátidé tí ìyàwó wà ní ọsibítù, ó tú kọ̀ǹpútà. Mẹ́mórì kò wọlé. Ó yí i padà, kò wọlé. Ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tẹ ìyẹ̀fun tó le. Kàn! Ìkọ́ kékeré kan létí ihò mẹ́mórì ṣẹ́, ó fò wọ abẹ́ àga.

"Yéè, mo ti dáràn!"

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó bá a nígbà tó ti ọsibítù dé.

"Olówó orí mi, kí lẹ̀ ń wá lábẹ́ àga?"

"Ayọ̀ mi, má bínú. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni. Mo ti bà á jẹ́."

Ìyàwó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó yọ mẹ́mórì àtijọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun. Ibi tí wọ́n gé sí létí méjèèjì kò bára mu. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò ṣáà wò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀! Ṣé búrẹ́dì lẹ rò pé ẹ̀ ń pò ni?"

"O tún ń rẹ́rìn-ín?"

"Ta ló tún lè ṣe irú èyí nítorí mi? Ẹ gbé e, ká tètè lọ."

Ọkọ gbé kọ̀ǹpútà, wọ́n kọrí sọ́dọ̀ obìnrin àgbàlagbà tó ń tún un ṣe ní òpópónà kejì, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀.

"Ta ló fi agbára tì í?"

Ìyàwó nawọ́ sí ọkọ.

"Háà, ọkọ ẹ lágbára o! Mẹ́mórì ìran kẹta ni kọ̀ǹpútà yín ń lò, ìran kẹrin lẹ rà. Bó ti wù kó dáa tó, kò lè wọ ibẹ̀. Àmọ́ ojú ihò mẹ́rin ló wà. Ẹ jẹ́ ká pa eléyìí tó ṣẹ́ tì, ká lo òmíràn."

Ó bá wọn fi ìran kẹta pààrọ̀ èyí tí wọ́n rà, ó sì kì í sínú ihò mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Ó ní èyí tóun mú yára ju ti àtijọ́ lọ.

"Ṣé wọn ò ní jà?" ni ọkọ béèrè.

"Jà kẹ̀? Ìran kan náà ni wọ́n. Èyí tó yára á rọra gbẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa lọ."

Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wolẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ lọ máa wo ara yín nílé, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí.

Nígbà tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà nílé, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dúdú. Lójijì, ó mọ́lẹ̀ kedere, mọ́tò ìyàwó já sójú ọ̀nà, kò sì dákú.

"Àǹtí mi! Ẹ tún wá?"

"Kúrò lọ́nà fún mi jàre!"

"Ẹ ò lè bá mi láé!" Ẹ̀rín àbúrò gba gbogbo yàrá.

Tẹ́lẹ̀, bí eré bá ti parí báyìí, àbúrò á ti lọ. Lónìí, ó dúró.

"Àǹtí mi, ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Ọkọ mi ni. Wọ́n ń gbọ́ ẹ."

"Bọ̀dá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti rò pé ó parí náà nìyẹn." Ó wa mọ́tò tirẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ má tíì pa á o. Mo fẹ́ sọ ohun tí ọkùnrin tó já mi jù sílẹ̀ yẹn ṣe sí mi."

Ìyàwó fa àga kejì mọ́ tirẹ̀. Ọkọ jókòó tì í, wọ́n sì ń gbọ́.