Gbé e Sókè, Len!

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye èèyàn tí yàrá òkè ilé ọtí Atukọ̀ ní Walsall lè gbà, ẹ bi ògiri. Ògiri á sọ òótọ́ fún yín: ọgọ́fà, bí wọn ò bá mí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn arúgbó ìlú náà pé ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Len Cotterill àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwo orin wọn sílẹ̀ lọ́dún 1968. Háà! Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n nígbà yẹn wà níbẹ̀. Ẹni tí wọn ò tíì bí wà níbẹ̀, inú ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Bí a bá kó gbogbo àwọn tó búra jọ, pápá bọ́ọ̀lù ìlú náà ò ní gbà wọ́n.

Neville Hadley kì í ṣe irú òpùrọ́ bẹ́ẹ̀. Neville wà níbẹ̀ lóòótọ́. Irọ́ tiẹ̀ kéré jùyẹn lọ, ìdí nìyẹn tó fi ní ẹ̀mí gígùn.

Nínú àwo yẹn, lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, ohùn kan ké láàárín èrò: “Gbé e sókè, Len!” Àwọn tó fẹ́ràn orin blúùsì àwọn òyìnbó ìgbà yẹn mọ igbe náà bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ìyá wọn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù. Níbikíbi tí ẹgbẹ́ olórin bá ti dákẹ́ díẹ̀, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan á dìde lẹ́yìn, á fi gbogbo agbára rẹ̀ ké e, onígìtá á sì yí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ sókè títí eyín ẹnu yín á fi máa gbọ̀n. Wọ́n ní igbe yẹn ló kọ́ àwọn ọmọ ìgbà náà bí wọ́n ṣe ń fi gìtá pariwo. Ta ló wá ké e? Neville ni. Gbogbo Walsall ló mọ̀. Láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti balẹ̀ dé èjìká, títí tí irun náà fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ pátápátá, Neville ò fi owó ara rẹ̀ ra ife bíà àkọ́kọ́ rí ní ilé ọtí Atukọ̀.

Àfi pé kì í ṣe Neville ló ké e. Lorna ìyàwó rẹ̀ ni.

Nígbà yẹn, ọmọge ni Lorna, wọn ò tíì ṣègbéyàwó. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bíi tọkùnrin, ọ̀fìnkìn sì tún bá a jà lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gìtá kan tó máa ń fi sórí bẹ́ẹ̀dì tó bá ti lọ síbi iṣẹ́, Lorna á sì yọ́ mú un, á máa fìka ta á títí ó fi mọ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹní mọ àwọn àbúrò ẹ̀: èyí tó ń yájú, èyí tó ń tètè sunkún. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Len parí orin àkọ́kọ́, okùn kẹta gìtá rẹ̀ sì ti dẹ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Etí ń yún Lorna bíi kó fà á já. Ló bá ké. Len wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ kan okùn kẹta, ó lọ́ ọ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ orí ba fún un. Ó tán. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí Len kú sínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Coventry, ẹlẹ́rìí Lorna sì bá a lọ.

Ẹ̀rín ni irọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwo jáde, Neville, Lorna àti Roly Tranter ọ̀rẹ́ wọn fún ara wọn mọ́ inú yàrá kékeré bí àpótí tí wọ́n ti ń gbọ́ orin wò ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó rà á. Igbe náà jáde. Roly gbá Neville lẹ́yìn.

“Nev! Ìwọ nìyẹn! Mo mọ ohùn ẹ, ìwọ oníjàgídíjàgan yìí!”

Lorna la ẹnu. Neville fún un lọ́wọ́, ó ṣẹ́jú sí i, bí ẹní ń sọ pé jẹ́ ká fi ṣẹ̀fẹ̀ ná. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ní, “Màá sọ fún un lọ́la.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀la yẹn ti bímọ, ó ti tọ́ wọn dàgbà, ó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì báyìí. Kò tíì dé.

Lorna gbìyànjú láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nígbà kan. Roly rẹ́rìn-ín títí bíà fi gba imú rẹ̀ jáde. “Ìwọ kẹ̀? Obìnrin wo ló ń wá gbọ́ blúùsì nígbà yẹn? Ṣebí ẹ kàn ń wá mú wa lọ sílé ni!” Láti ìgbà náà ni Lorna ti mọ̀ pé ẹnu ẹyọ kan péré ló lè sọ ọ́ kó wọlé. Ẹnu ọkọ rẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí ọjọ́ Sunday yìí fi ṣe pàtàkì. Iléeṣẹ́ àwo kan ní London ń tún àwo náà gbé jáde. Wọ́n ti fọ tépù àtijọ́ náà mọ́, wọ́n fẹ́ wá gbé e fún àwọn ará Walsall gbọ́ ní yàrá òkè kan náà, wọ́n sì fẹ́ tẹ orúkọ ẹni tó ké igbe náà sẹ́yìn páálí àwo.

Láàárọ̀, Lorna ń gé àlùbọ́sà sí búrẹ́dì oníwàràkàṣì, ẹ̀wà aláwọ̀ eérú ń hó pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lórí iná. Òun ni wọ́n gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Neville ń ya irùngbọ̀n rẹ̀ níwájú díńgí.

“Nev, tí wọ́n bá ti tẹ orúkọ sẹ́yìn àwo, kò ṣe é pa rẹ́ mọ́ o.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lo mọ̀?”

“Pé kò ṣe é pa rẹ́ mọ́.”

“Neville.”

Ó gbé kóòmù sílẹ̀. “Ó dáa. Òní ni. Màá dìde, màá ní, ‘Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi ló ké e.’ Ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?”

“Tún un sọ.”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán!”

“Tún un sọ jàre. Ó dùn.”

Ó tún un sọ. Ẹ wá wo obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì dá òun fúnra rẹ̀ lójú pé àlùbọ́sà ni. Ó lọ wọ bùláòsì aláwọ̀ búlúù tó ń tọ́jú fún ìgbéyàwó ọmọ-ọmọ. Ó kun ètè. Ọdún wo ló kun ètè kẹ́yìn?

Nígbà tí wọ́n dé ilé ọtí Atukọ̀, yàrá òkè ti kún fọ́fọ́. Roly, tó jẹ́ alága àwọn olólùfẹ́ Cotterill, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù tí wọ́n tẹ igbe náà sí láyà. Ikùn rẹ̀ ti pín ọ̀rọ̀ sí méjì: “Gbé e” wà lórí òkè, “sókè, Len” ti sá sábẹ́ ibi tí ojú ò tó.

“Ọkùnrin náà rèé!” Roly ké. “Ẹ yàgò fún ohùn! Lorna, ọmọge wa, ṣé àlùbọ́sà wà nínú búrẹ́dì yẹn?”

“Ó wà.”

“Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ nìyẹn. Gbé e síbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kóòtù tá a bọ́ kalẹ̀.”

Ọ̀gbẹ́ni Fairclough tó ti London wá dúró nídìí ẹ̀rọ. Èèyàn ogójì ọdún ni, àmọ́ láàárín àwọn wọ̀nyí, ọmọ ọwọ́ ni. Ó tutù, ó níwà. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, a ti fọ tépù yìí bí ẹní fọ aṣọ. Àwọn nǹkan wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ ò tíì gbọ́ rí.” Ó tẹ ẹ̀rọ náà.

Gìtá Len jáde, ó mọ́ gaara, bí ẹni pé ó jókòó sórí tábìlì. Àwọn bàbá arúgbó di ojú. Ẹlòmíì ń fi ìka ta gìtá tí kò sí lórí ikùn ara rẹ̀. Orin parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, igbe náà sì dé. Ṣùgbọ́n ó ní ìrù lọ́tẹ̀ yìí:

“Gbé e sókè, Len! Ìkẹta!”

Ẹnìkan wá sọ láti ẹ̀yìn, “Nev, ṣé ohùn ẹ ò tíì fọ́ nígbà yẹn ni? Ó ń dún bí ọmọge!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Neville náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ọwọ́ pa orí.

“Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn, sà,” Fairclough sọ. “‘Ìkẹta.’ A ti jiyàn lórí ẹ̀ títí ní ọ́fíìsì. Ìkẹta kí ni?”

Ojú gbogbo èèyàn yí sí Neville. Ojú Neville ń wá Lorna kiri, ó rí i nídìí kóòtù. Lorna gbé àwo búrẹ́dì sílẹ̀, ó nu ọwọ́. Ilẹ̀kùn ti ṣí gbayawu. Ọkọ rẹ̀ ò ní láti tì í, kó ṣáà wọlé ni.

Neville dìde.

“Ẹ̀yin ará,” ó ní.

Lorna ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

“Ẹ̀yin ará, ìyàwó mi...” Ó wo Roly, ó wo ẹ̀wù ara Roly, ó wo gbogbo àwọn ojú tó ń ràn bíi tọmọdé. “Ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí láti àárọ̀ pé kí n jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó dáa. Mo jẹ́wọ́. Ife bíà mi kẹta ni! Len ló ní òun á rà á fún mi, mo wá ní kó gbé e sókè kí n fojú rí i!”

Ẹ ò rí i bí yàrá ṣe bú! Ẹnìkan já bọ́ lórí àga. Roly nu ojú. “Ife kẹta! Gbogbo ìgbà tá a ti ń ba etí ara wa jẹ́, bíà lọ̀gá ń béèrè!” Ó gbé ife rẹ̀ sókè, gbogbo wọn gbé tiwọn. “Gbé e sókè! Ìkẹta!” Bí àṣà tuntun ṣe ń délé ayé nìyẹn. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, á ti wà lára ẹ̀wù.

Fairclough ń kọ orúkọ Hadley sílẹ̀ sínú fóònù rẹ̀. Ó rí Lorna, ó sì jẹ́ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. “Mà, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

Kí Lorna tó yanu, Neville ti gbà á sọ. “Lorna? Kóòtù wa ló ń ṣọ́.” Ó tún ṣẹ́jú sí i, bó ṣe ṣẹ́ ẹ nínú àpótí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́sí gẹ́lẹ́.

Fairclough ṣì ń dúró de èsì. Ó dà bíi pé etí ń yún òun náà díẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Lorna dáhùn. “Mo ṣọ́ wọn dáadáa. Ọ̀kankan ò sọnù.”

Lẹ́yìn náà ni àwọn arúgbó mẹ́rin kan gun orí pèpéle láti kọ àwọn orin Len. Wọn ò burú. Ṣùgbọ́n ooru mú nínú yàrá náà, kó tó di pé orin àkọ́kọ́ parí, okùn kẹta onígìtá ti dẹ̀. Lorna gbọ́ ọ kí onígìtá tó gbọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ rárá. “Gbé e sókè!” gbogbo yàrá ké, pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Onígìtá rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ sókè. Èyí tó ti ń wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ wá ń wálẹ̀ tariwotariwo. Ẹnu Lorna ti là tán. Ó mú àlùbọ́sà kan látinú ìgò fínígà kíkan tó wà níbi oúnjẹ, ó fi dí i.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé, Neville gbé èjìká lé e. Ó ń rùn bíà, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á díẹ̀.

“Wọ́n gbádùn ẹ̀, àbí? Mi ò kàn fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni. Màá kọ̀wé sí ọmọ London yẹn. Lọ́la.”

Lorna ń wo omi odò látojú fèrèsé.

“Lorna. Ìkẹta kí ni gan-an?”

Ó yíjú, ó wò ó. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọkùnrin yìí ò bi í rí pé kí ló fẹ́ kí Len gbé sókè. Òun náà rò pé ariwo lásán ni Lorna ń béèrè.

“Ife bíà ni, Nev.”

“Àní lóòótọ́.”

“Lóòótọ́ ni mo wí. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn àwo, wàá kà á.”

Neville rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó ń rín. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin Len lábẹ́ imú. Nígbà tó dé àárín rẹ̀, ohùn rẹ̀ dẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀ bọ̀. Lorna gbọ́ ọ. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì fi í sílẹ̀ kó máa wálẹ̀ lọ.