Ẹ̀gẹ́ Lórí Táìsì Funfun

Ní ẹ̀yìn Ìgándò, níbi tí ilé ti ń tán tí oko ẹ̀gẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá odò, ilé Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́ nìkan ni èèyàn ń gun àtẹ̀gùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, owó tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ra mọ́tò ni òun rọ́ sínú ilẹ̀.

"Èmi ò kọ́lé o," ló máa ń wí. "Ìpìlẹ̀ ni mo kọ́. Ilé kàn wà lórí ẹ̀ ni."

Ó wá tẹ́ táìsì funfun sórí ìpìlẹ̀ náà, láti yàrá títí dé ìloro. Ike omi kan àti àkísà kan wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Bíṣọ́ọ̀bù ìbáà wá kí i, Bíṣọ́ọ̀bù á fọ ẹsẹ̀.

Ohun kejì tí gbogbo àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé kì í jẹ gàrí. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé. "Uyán ni oúnjẹ," á wí, bí wọ́n ti ń pe iyán nílé wọn. "Gàrí? Ohun tí èèyàn fi ń dúró de oúnjẹ ni." Iyàwó rẹ̀, Àyìnkẹ́, tó jẹ́ pé gàrí ló ń ṣe tà, tó sì jẹ́ pé gàrí ló rán Testimony ọmọ wọn ní ilé ìwé jáde, á kàn gbójú sí ohun tó ń ṣe.

Àmọ́ gàrí tó wà nínú ike ní ilé ìdáná rẹ̀ máa ń dín kù lọ́sàn-án.

"Eku ni," ni Àyìnkẹ́ sọ fún Tòún, obìnrin tí oko wọn jọ pààlà. "Ṣùgbọ́n eku ilé wa lajú ṣá. Ó ń fi ṣúgà sí i, ó sì ń fọ kọ́ọ̀bù tó bá ṣe tán."

Òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré. Ó rọ̀, a ní ó dára fún àgbàdo. Ó tún rọ̀, a dákẹ́. Nígbà tó yá, odò kúrò ní àyè rẹ̀, ó wá kí wa nílé. Ìkòkò ń léfòó kiri ní ilé ìdáná àwọn èèyàn. Àwọn adìyẹ Ṣóbọ̀wálé, ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé Bàbá, kó lọ sórí páànù, wọ́n sì kọ̀, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀tún di ohun tí èèyàn ń wò láti òkèèrè.

Ẹ̀gẹ́ ò mọ̀wẹ̀. Bí omi bá ti dúró lórí rẹ̀, á rọ̀ nínú ilẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ó parí nìyẹn. Nítorí náà ni àwọn obìnrin ṣe wọ inú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, tí wọ́n ń fa ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó tán tu, torí èyí tí kò gbó sàn ju èyí tó rà lọ. Wọ́n fà á tu tán, kò síbi tí wọn yóò kó o sí. Àgọ́ Tòún, níbi tí wọ́n ti máa ń bó o tí wọ́n ti ń rin ín, ti kún fún omi. Gbogbo ibi ló kún fún omi, àfi ibì kan.

Àyìnkẹ́ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, omi ń kán lára rẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ bí ó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá.

"Bàbá Testimony, ẹ jẹ́ ká kó ẹ̀gẹ́ náà wá síbí."

"Síbí níbo?"

"Ìloro."

Bàbá wo táìsì rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. "Àyìnkẹ́, omi ẹ̀gẹ́ ń jẹ sìmẹ́ńtì."

"Ṣé sìmẹ́ńtì nìyí? Ẹ̀yin náà lẹ ní kò sí ohun tó lè ṣe é."

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, lójú èèyàn púpọ̀. "Ṣé tìrẹ nìkan?"

"Ti gbogbo wa."

"Á rùn."

"Á rùn. Tó bá dọ̀la nínú omi, á rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ò sì ní rí nǹkan kan jẹ nínú òórùn yẹn títí ẹ̀gẹ́ mìíràn á fi gbó."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ohùn Ṣóbọ̀wálé sì wá láti orí àga tó gbé sórí tábìlì nínú ilé tirẹ̀:

"Tíṣà, ọjọ́ gbogbo lẹ fi ń sọ fún wa pé ìpìlẹ̀ ni. A ti gbà. Kí ìpìlẹ̀ wá ṣiṣẹ́ jàre."

Bàbá wo ike omi tó wà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. "Kí wọ́n ṣáà fọ ẹsẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

Wọ́n fọ ẹsẹ̀. Wọ́n fọ ọ́ títí omi inú ike fi dọ̀tí ju ẹsẹ̀ wọn lọ, tí bàbá fúnra rẹ̀ rọra gbé ike náà kúrò lọ́nà. Ẹ̀gẹ́ di òkìtì lórí táìsì. Wọ́n bó o, wọ́n gbé ẹ̀rọ Tòún wá rin ín, wọ́n dì í sápò, wọ́n gbé òkúta lé e. Omi rẹ̀ ṣàn gba ìloro kọjá bí ẹni tó ní ilé. Bàbá kò lè jókòó lásán. Ó ń rìn láàárín wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọjọ́ ìdánwò.

"Ẹ bó o fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣòfò."

"Tíṣà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ni?" Tòún bi í.

"Mo ti kà nípa rẹ̀."

Nígbà tó kan tí omi rẹ̀ sì ro tán, wọ́n gbé ààrò eléèédú sí etí ìloro, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan án. Èéfín ya àwòrán sára àjà funfun. Bàbá wò ó, ó gbójú kúrò.

Àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀wẹ̀ ṣe gàrí níhìn-ín ní òfin kan. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti yan án ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí onílẹ̀ ò bá jẹ ẹ́, ẹnì kankan ò ní jẹ ẹ́, wọn ò sì ní gbé e lọ sọ́jà, torí inú onílẹ̀ ò dùn sí i nìyẹn. Ọjọ́ gbogbo, Tòún ló ni ilẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Tòún bu gàrí sínú abọ́, ó mú omi tútù àti ṣúgà, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Ọmọ́tọ́ṣọ́.

"Gàrí?" ni bàbá wí. "Èmi?"

Ẹni tó ń yan gàrí ń bá a lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí nínú agbada mọ́. Bàbá wo àwọn àpò tó tò síbẹ̀, oúnjẹ àwọn ilé tí omi ti wọ̀. Ó wo ọwọ́ Àyìnkẹ́, tó funfun tó sì hun jọ bí ọwọ́ ẹni tó fọṣọ fún odidi ìlú.

Ó gba abọ́ náà. Ohun tó pinnu ni pé òun á bu ṣíbí kan, òun á fajú ro, ó tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ní ohun tó mọ̀. Ó da omi sí i, ó mi abọ́ náà díẹ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìdọ̀tí tó léfòó lè ṣàn jáde láì mú hóró gàrí kan dání. Ó tún omi mìíràn dà sí i. Ó ta ṣúgà yí etí rẹ̀ ká. Ó dúró díẹ̀, kó má bàa wú jù. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ òsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì wo ibẹ̀.

"Ẹ̀pà ńkọ́?"

Ẹni tó ń yan gàrí dáwọ́ dúró.

"Tíṣà," ni Ṣóbọ̀wálé wí láti ọ̀kánkán, "ìwé wo lẹ ti ka ìyẹn?"

Ẹ̀rín bú. Tòún fi orí lé èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àyìnkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ló wí. "Mo máa ń mu ún lójú ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni, wíwò lásán ló fi kọ́ ọ."

Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó gbé ìgò ẹ̀pà kan jáde. Bàbá mọ ìgò náà. Ẹ̀yìn àwọn ìwé rẹ̀ ló fi í pamọ́ sí. Ó kún dé ẹnu. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé ó ti pẹ́ tí ìgò náà kì í tán, òun ò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí táìsì.

"Jókòó."

"Ẹsẹ̀ mi dọ̀tí."

"Àyìnkẹ́, jókòó kó o jẹun."