Ìkànnì Múítì àti Ìkànnì Didier

Nígbà kan, ìkànnì kan ṣoṣo ni Múítì àti Didier jọ ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń sọ ìròyìn gémù. Ẹ̀yìn ìsọ̀ aṣọ tí bàbá Múítì fi sílẹ̀ fún un ní ọjà Atakpamé ní ilẹ̀ Tógò, nígbà tí bàbá náà padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni wọ́n ti máa ń ya fídíò wọn. Didier a sọ̀rọ̀ ní Faransé, Múítì a fi Yorùbá dáhùn, Didier a tún fi Ifẹ̀, èdè àwọn ará Atakpamé, já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn a rẹ́rìn-ín títí.

Kì í ṣe ìjà ló pín wọn níyà. Didier kó lọ sí Lomé, olú-ìlú Tógò, ó ní ìròyìn kò gbọdọ̀ tutù kí àwọn tó gbé e jáde. Múítì ní ìròyìn tí wọn ò tíì wádìí, àhesọ ni. Báyìí ni oníkálukú ṣe dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Ìkànnì Didier yára bí iná inú ọyẹ́. Ohun tó bá gbọ́ láàárọ̀, kí oòrùn tó kan àtàrí ó ti di fídíò, tòun ti orin àti ariwo. Ti Múítì kò ní ariwo. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko tọpa ọ̀rọ̀ kan kó tó lanu. Àwọn tó ń wo Didier ń pe ti Múítì ní "wáàsí Jímọ̀"; àwọn tó ń wo Múítì ń pe ti Didier ní "ọjà òfófó". Wọ́n ń bú ara wọn lábẹ́ fídíò méjèèjì bí ẹni tó ń du ilẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì kò sì pe ara wọn mọ́. Múítì a wo gbogbo fídíò Didier dópin, kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Didier kéde pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Tógò máa wà nínú gémù bọ́ọ̀lù tuntun kan tó ń bọ̀. Ìdùnnú ṣubú layọ̀. Inú Múítì pàápàá dùn, ó sì kọ̀wé sí àwọn tó ṣe gémù náà. Wọ́n fèsì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ lórí ìkànnì rẹ̀, kò dárúkọ Didier.

Àwọn olùwòran rẹ̀ ló dárúkọ ọ̀hún. Wọ́n ya bo ìkànnì Didier. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ti wá àwòrán Noëlle jáde, ìyá Didier, aránṣọ ní àdúgbò Gnagna ní Atakpamé, níbi tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí àwòrán náà pé: "Ìyá tó bí òpùrọ́." Wọ́n ń fi í ránṣẹ́ kiri, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Múítì rí àwòrán náà. Noëlle ló máa ń fún òun àti Didier lóúnjẹ nígbà tí wọ́n bá ti ilé-ìwé dé. Tó bá jẹ́ oṣù Ràmàdáánì, obìnrin Kátólíìkì yìí a gbé ti Múítì pamọ́ di ìgbà ìṣínu.

Ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó tan kámẹ́rà.

"Obìnrin tí ẹ ń bú yẹn, mo ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Didier ṣe àṣìṣe ni, kò purọ́. Ẹni tó bá máa bú ìyá oníyàá, kó má wo ìkànnì mi mọ́."

Wọ́n gbọ́ràn sí i lẹ́nu: wọ́n lọ. Àwọn kan ní ó ti di ẹrú Didier. Àwọn ti Didier ní ẹ̀tàn ni, pé ṣe ló fẹ́ fi fa àwọn mọ́ra.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí Gnagna. Aṣọ funfun tí ọmọ kan fẹ́ fi gba kòmúníọ̀ àkọ́kọ́ ni Noëlle ń rán lọ́wọ́. Múítì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

"Múítì! Ṣé ìwọ ni mo rí yìí? Kí ni mo ṣe fún ọ tí o ò yọjú mọ́?"

Noëlle kò mọ nǹkan kan nípa àwòrán náà. Fóònù rẹ̀ kò wúlò ju ìpè lọ. Ó bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà fún un, ó wá pe ọmọ rẹ̀.

"Didier, gbọ́ ohùn ẹni tó wà lọ́dọ̀ mi!" Ó na fóònù náà sí Múítì.

"Ṣé dáadáa lo wà?" ni Múítì wí.

Didier dáhùn: "Mo rí fídíò rẹ. Mo dúpẹ́ nítorí Màmá."

"Ṣé o máa wálé lásìkò Kérésì?"

"Mi ò tíì mọ̀. Múítì, àwọn tó ń wò mí kò ní fẹ́ rí èmi àti ìwọ pọ̀ báyìí. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀ ná. Má bínú."

"Mi ò bínú."

Lóòótọ́ ni, kò bínú.  Kó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ìpè ti já.

"Kí ló wí?" ni Noëlle béèrè.

"Ó ní kí n kí yín, Màmá."

"Ṣé ẹ ò jà?"

"A ò jà."

Noëlle wò ó títí. Ó sún àwo ẹran sọ́dọ̀ rẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Múítì jẹ iyán náà tán, ó sì jókòó síbẹ̀ di ọ̀sán, nítorí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbòmíràn.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú ló máa ń lọ bá Noëlle jẹun nígbà tí màmá náà bá ti Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì dé. Didier kò pè é. Ìkànnì Múítì ṣì wà. Àwọn tó ń wò ó kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í bú ìyá ẹnikẹ́ni.