Ọfà Mẹ́ta Lára Ọ̀rá Ọṣẹ

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá, Màmá Edelmira. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀."

Nury, alága àdúgbò, na ọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, àkámọ́ onírin tí gbogbo ará àdúgbò orí òkè náà ń kó ike àti páálí sí kún dẹ́nu. Ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ fún àtúnlò ti wá, ó ti lọ, kò gbé ẹyọ kan. Awakọ̀ ní ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọṣẹ olómi ló bà wọ́n jẹ́, òun kì í kó ìdọ̀tí.

Edelmira fọwọ́ bo àpò aṣọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kọ́kọ́rọ́ yìí nìkan ni àwọn ará òkè yìí nílùú Valparaíso fi lé e lọ́wọ́. Òun ló ń ṣí àkámọ́ ní Sátidé, ìgbà náà sì ni wọ́n ń rántí kí i. Bí wọ́n bá gbà á, ta ni yóò tún bi í léèrè bó ṣe jí?

"Èmi ni mo kó ọ̀rá wọ̀nyẹn síbẹ̀," ó ní. "Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn. Ọfà mẹ́ta ń lé ara wọn kiri lára wọn. Ṣebí ìtumọ̀ ìyẹn ni pé wọ́n á tún wọn lò?"

"Rárá o! Ẹ ti darúgbó, Màmá, kì í ṣe ẹjọ́ yín."

Háà! Ọ̀rọ̀ arúgbó yẹn ló bí i nínú. "Mo darúgbó lóòótọ́, àmọ́ èmi kọ́ ni mo ya ọfà sí i lára! Lọ bá ẹni tó yà á jà."

Ó ṣa àwọn ọ̀rá náà sínú àpò ìyẹ̀fun, ó gbé e kọ́ èjìká, ó forí lé àtẹ̀gùn. Nury ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀, ó sì ń ráhùn. "Ẹ má lọ dójú tì wá o!"

Nílé ìtajà ńlá tó ń ta ọṣẹ náà nísàlẹ̀ òkè, ọ̀gá ibẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, irú ike tó jẹ́ ni ọfà yẹn ń sọ. Kò ṣèlérí pé ẹnikẹ́ni á gbà á."

"Ta ló wá ń gbà á nílùú yìí?"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Kò tíì sẹ́ni."

"Ó ti sẹ́ni báyìí." Edelmira da gbogbo rẹ̀ sórí káńtà. "Ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ gbà á!"

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bọ̀ wá fà á síta. Nury ló bọ́ síwájú rẹ̀. "Fọwọ́ kan ìyá yìí, wàá rí mi lónìí!" Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìgbà tó sọ ọ́. Wọ́n fi àwọn ọ̀rá náà sílẹ̀ lórí káńtà. Bí wọ́n ṣe ń gòkè padà, Nury kò dárúkọ kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Edelmira dúró lẹ́nu àkámọ́, ó ń yẹ ẹrù oníkálukú wò. Nígbà tó kan Nury, ó fa ọ̀rá ọṣẹ méjì yọ.

"Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ẹ."

"Màmá, èmi ni alága o!"

"Mo mọ̀. Ìwọ ni kó o ṣáájú."

Nury pòṣé. Ó gba àwọn ọ̀rá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.