Ìdákọ̀ró fún Abọ́ Omi Duff

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé Lashaway, abúlé apẹja etí òkun, rí ní oṣù kìíní. Omi tí èèyàn bá dà síwájú níbẹ̀, yìnyín ni yóò tẹ̀, bóyá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì dúró.

Duff, ajá Azariah Pinsent, ló ń da omi. Ajá dúdú onírun gígùn ni, ó wúwo tó géńdé ọkùnrin, awọ so ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Inú òkun làwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń bá apẹja wọ́ àwọ̀n, tí wọ́n sì ń fa ẹni tó ń rì jáde. Ohun tí a bá bí mọ́ni kì í tán lára ẹni. Bí wọ́n bá bu omi fún Duff, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé etí abọ́, á máa wa omi náà bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́ títí abọ́ yóò fi dojú dé. Lẹ́yìn náà á wojú olówó rẹ̀ bí ẹni pé òun kọ́.

Ní ìgbà ooru, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi rín. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kìíní, Selina ìyàwó Azariah jáde láti kó igi ìdáná. Omi tí Duff dà sẹ́nu ọ̀nà ti dì. Ẹsẹ̀ Selina yọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà, Azariah ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tó bá ń po tíì. Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí ọsibítù nílùú ńlá, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹjọ, Garland, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, pè láti ìlú.

“Bàbá, ẹ ti jókòó?”

“Mo ti jókòó.”

“Wọ́n ti dá Màámi sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la máa wọkọ̀. Dókítà ní tí wọ́n bá fi lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan sí i, a jẹ́ pé wọn ò ní dìde mọ́ nìyẹn.”

“Ìyá ẹ ò ní ṣubú.”

“Ajá yẹn ńkọ́?”

Azariah bojú wo Duff láti ojú fèrèsé.

“Mi ò bá yín jà o, Bàbá. Àmọ́ tí mo bá dé tí mo bá omi lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó gbé wa wá náà ló máa gbé Duff lọ. Dókítà ẹranko wà nítòsí ilé mi. Abẹ́rẹ́ kan ni. Kò ní mọ nǹkan kan lára.”

“Abẹ́rẹ́.”

“Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, Bàbá. Ta ló máa gba arúgbó ajá?”

“Ta ló ń gba arúgbó èèyàn?” ni Azariah wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì péré ló kù fún un. Kò ṣeé ṣe kó mú ajá náà wọlé: ooru ààrò máa ń fẹ́ pa á nínú irun yẹn, omi tó bá sì dà sórí pákó ilé ìdáná, orí rẹ̀ náà ni Selina yóò ti máa fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ó wọ́ ìkòkò irin jáde, èyí tí baba rẹ̀ fi ń se èèpo igi láti pa àwọ̀n láró. Àgbàlagbà ìkòkò ni, ọkùnrin méjì ló ń gbé e. Ó bu omi sínú rẹ̀ fún Duff. Duff yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé etí rẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ìkòkò dojú dé.

Levi Snook, aládùúgbò wọn, fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọgbà, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Azariah, ẹ̀yin méjèèjì yìí, ta ló ń kọ́ ta lẹ́kọ̀ọ́?”

“Levi, ilé rẹ ò níṣẹ́ ni?”

“Ó níṣẹ́. Èyí ló dùn ún wò jù.”

Lọ́sàn-án, ó wá táyà ọkọ̀ àlòkù kan, ó gbé abọ́ páànù sáàárín rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Duff fi eyín yọ abọ́ náà kúrò nínú táyà, ó gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń fún un lómi láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọmú, ó sì dà á síbẹ̀. Kò sí ohun tí kì í gbé. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìrìnàjò dé, Duff kì í lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu òfo. Ìbọ̀wọ́ ni, igi ni, lọ́dún kan odidi ẹja oníyọ̀ ló gbé pàdé àlùfáà.

Azariah fi àáké ha yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí èjìká fi ń dùn ún. Ajá náà jókòó tì í, ó ń fi ìrù gbá yìnyín.

“Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa ẹ́?” ló bi í. Duff lá a létí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí abà ẹja tó wà lẹ́bàá ọ̀nà èbúté. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ṣí i gbẹ̀yìn, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí wọ́n dáwọ́ ẹja pípa dúró, kí ni apẹja fẹ́ wá ṣe nínú abà? Nínú òkùnkùn ibẹ̀ ló ti rí ìdákọ̀ró baba rẹ̀: òkúta gígùn kan tí wọ́n fi ọ̀pá igi há mọ́ra, tí igi méjì dábùú ìdí rẹ̀ bí ọwọ́ tó nà. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn nínú ìjì, ṣé abọ́ ajá ni kò ní dá dúró?

Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méje. Ó wọ́ ìdákọ̀ró náà sí ẹ̀gbẹ́ abà, ó gbé abọ́ jókòó sáàárín igi méjèèjì, ó há pinpin. Ó dá ihò sí etí abọ́, ó sì fi okùn so ó mọ́ ìdákọ̀ró, pé bí Duff bá tilẹ̀ yọ ọ́, kò ní lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ò wo ojú rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Ó na apá, ó wọn okùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ta kókó, ó ká ìyókù nílẹ̀ rèǹtè-rente.

Duff wá, ó gbé ẹsẹ̀ lé abọ́. Abọ́ ò mira. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mí kanlẹ̀, ó sì mu omi bí ajá ọmọlúàbí.

“Okùn yẹn gùn o,” ni Levi wí láti ojú ọ̀nà.

“Okùn ọkọ̀ nìyẹn. Okùn tó kúrú ló ń ri ọkọ̀.”

“Mo gbọ́. Ọkọ̀ ọ̀hún dà?”

“Máa lọ sílé rẹ, Levi.”

Ọkọ̀ fọn fèrè lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Azariah ti fá irùngbọ̀n, ó ti dúró ní èbúté. Selina sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Garland dì í mú lápá kan, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà níwájú rẹ̀. Ó ti joro. Aṣọ òtútù rẹ̀ wá dà bí ohun tó yá wọ̀.

“Azariah tèmi, o ti rù. Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?”

“Levi ni.”

“Abájọ.”

Wọ́n ń gòkè bọ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìsinmi kan. Wọ́n ti ń sún mọ́ abà nígbà tí Selina rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí Garland sọ. Duff gbọ́ ohùn náà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ìbọ̀wọ́, kò rí igi. Ó fi eyín di etí abọ́ mú, ó fà á yọ tòun ti omi, ó sì sáré bọ̀ wá pàdé Selina.

Okùn náà ń tú tẹ̀lé e. Kò gùn dé ẹnu ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n ó gùn dé ojú ọ̀nà èbúté. Ibẹ̀ ló ti le, ó gba abọ́ lẹ́nu ajá, gbogbo omi sì tú sílẹ̀ níwájú Selina. Ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí omi, ó kọ́ okùn. Selina ké.

Garland rá a mú lẹ́wù kó tó délẹ̀. Kò ṣubú. Àmọ́ igbe náà ni igbe oṣù kìíní gan-an, Azariah sì dúró lójú kan, kò lè gbẹ́sẹ̀. Duff dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, ó ń fi ìrù gbálẹ̀, ó ń retí kí wọ́n kí òun.

Garland wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Bàbá, ta ló so eléyìí?”

“Èmi ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi jẹ́ kó gùn tó báyìí?”

Azariah la ẹnu. “Nítorí omi ni. Tí òkun bá kún, kí ó lè ráyè gòkè.”

Garland bojú wo òkun tó wà lọ́hùn-ún nísàlẹ̀. Ó wo abọ́. Ó wo baba rẹ̀. Ì bá sàn kó bú u.

“Fi ajá sílẹ̀,” ni Selina wí, èémí ò tíì balẹ̀. “Ó wá kí mi ni. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.”

Azariah wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kókó náà ò tú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ọwọ́ yìí ò wo ilé, ó so abọ́ ajá bí ẹni so ọkọ̀, orí ò sì dá a dúró. Ó lè gé okùn náà kúrú nísinsìnyí, ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la, nítorí ajá yìí, kí ni ọwọ́ yìí yóò tún so sí ojú ọ̀nà tí Selina ń gbà? Agbè ti fọ́ o. Kì í ṣe Duff ni agbè náà, òun Azariah fúnra rẹ̀ ni.

“Mú un lọ,” ló wí.

“Azariah!”

“Mú un lọ, Garland, kí ọkọ̀ tó ṣí.”

Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn náà. Ó wọn apá kan ṣoṣo, ó so ó mọ́ ọrùn Duff, ó fi ìdí rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Okùn kúkúrú. Selina bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan, ó nà án sí ajá náà. Duff gbé e sẹ́nu, ó gbé orí sókè, ó sì bá Garland lọ sí èbúté bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pàtàkì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Azariah ti bu omi sínú abọ́, ó ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà, kó tó rántí. Selina ń wò ó láti ojú fèrèsé, kò pè é. Ó lọ kó igi ìdáná. Nígbà tó fi padà dé, ojú omi náà ti dì láti etí dé etí, ó ń dán, kò sí ibì kankan tó ta sílẹ̀. Ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà gbẹ. Abọ́ náà ò kúrò lójú kan.