Odò Tí Ẹfọ̀n Dí

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn kan tí ènìyàn kò tíì tẹ̀ dó sí, ìjọba ẹranko mẹ́ta ló ń mu nínú odò kan ṣoṣo. Àwọn ẹfọ̀n wà lókè odò, àwọn ìgalà wà láàárín, àwọn túùkú, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀ igbó, wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí odò náà. Wọ́n kàn ń pa á mọ́ ni.

Abìwogàgàrà ni ọba àwọn ẹfọ̀n. Kò sí ẹni tó lágbára tó o, síbẹ̀ oúnjẹ kì í dùn lọ́fun rẹ̀. Bí àwọn ẹranko bá ní ẹjọ́, wọ́n á gba iwájú ààfin rẹ̀ kọjá, wọ́n á wólẹ̀ kí i tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, wọ́n á sì gbé ẹjọ́ náà lọ bá Ẹlẹ́sẹ̀tínrín, ọbabìnrin àwọn ìgalà, tí kò ní ju ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ lọ. Ẹfọ̀n á máa wò wọ́n lọ, àyà rẹ̀ á máa ta á bí ata.

"Kí ló ní tí n kò ní?"

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Ẹfọ̀n ní kí wọ́n fi igi àti amọ̀ dí odò. Ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, yóò mọ ẹni tó yẹ kó máa wárí fún.

Ni ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé jọ.

Ẹfọ̀n wí pé, "Orí ilẹ̀ mi ni odò ti ṣàn wá. Ìgbìmọ̀ wo ló ṣe òfin tí ẹ ń pariwo rẹ̀? Níbo ni mo ti búra sí i?"

Ẹlẹ́sẹ̀tínrín dìde. "Kábíyèsí, ìgbìmọ̀ wo ló kọ́ ọmọ yín ní ọmú mímu? Òfin kan ti wà kí àwa tó wà. Ohun tí gbogbo ẹ̀mí fi ń wà láàyè, ẹnì kan kì í dá a ní. Agbára lè pa òfin yìí tì, kò lè pa á rẹ́."

"Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù," ni àgbà túùkú kan fi kún un.

Gbogbo ìpàdé hó yèè fún Ẹlẹ́sẹ̀tínrín. Ariwo ìyìn yẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ ni, bóyá Ẹfọ̀n ì bá gbà. Ó jáde láìwẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tí omi tí kò rí ọ̀nà lọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Àwọn ọmọ ẹfọ̀n mu ún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run wọ́n. Méjì kú; ọ̀kan jẹ́ àbíkẹ́yìn ọba. Àwọn ìgalà ní tiwọn ti fi pátákò gbẹ́ kànga sínú iyanrìn odò gbígbẹ. Ibẹ̀ ni Ẹfọ̀n kó àwọn ọmọ tó kù lọ, tìtìjú-tìtìjú.

Ẹlẹ́sẹ̀tínrín sún sẹ́yìn kúrò létí kànga.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ mu, Kábíyèsí."

Lọ́jọ́ kejì, Ẹfọ̀n fi ìwo ara rẹ̀ tú ìdènà náà. Omi ya lọ. Orúkọ tí wọ́n ń fi ayọ̀ ké nísàlẹ̀ odò kì í ṣe tirẹ̀. Ó dúró létí omi, ó ń gbọ́. Owú ṣì ń jó o nínú. Ṣùgbọ́n kò tún gbé igi kankan sínú odò mọ́.