Irun Kan Nínú Àwo

Ọ̀jọ̀gbọ́n fojú mọ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá fún ìgbà kẹrin, omi lásán ló rí. Ó nu awò, ó tún wò ó. Omi náà ni. Àwọn onídàájọ́ mẹ́ta tó ń fún ni ní ẹ̀bùn ńlá kẹ́mísírì dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wo aago.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò, Onígò fọwọ́ lẹ́rán. Ìgò fífọ̀ ni wọ́n gba obìnrin náà fún lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, orúkọ iṣẹ́ yẹn ló sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ohun tí wọ́n ń wá kì í ṣe kékeré. Purotéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ènìyàn tó jẹ́ pé bí kò bá dì, kó di wóró dídán bí iyọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ bó ṣe rí. Ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ti kọ́kọ́ dì. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé: ẹ po omi báyìí, ẹ gbé e sínú òtútù, ẹ dúró fún ọjọ́ mẹ́fà. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e, kò dì fún ẹnì kankan. Ni àwọn onídàájọ́ ẹ̀bùn náà bá ní àfi kí àwọn fojú ara àwọn rí i. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà.

Irun Onígò kò sí nínú ìwé yẹn.

Irun orí rẹ̀ kan ló já bọ́ sínú àwo omi náà lọ́dún kìíní tó débẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wóró ti tò sára irun náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Onígò ti ń fa irun kan tu lórí ara rẹ̀, yóò fi kan wóró àtijọ́ tó fi pamọ́ sínú fíríìjì, yóò sì fi í fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ gba inú omi tuntun kọjá. Ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń gbọ̀n, kò lè ṣe é. Síbẹ̀, nígbà tí Onígò ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló máa fún èèyàn lẹ́bùn nítorí irun obìnrin? Fara balẹ̀. Tó bá yá, a ó kọ ọ́."

Ọdún mẹ́wàá, kò tíì yá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n po omi tí àwọn onídàájọ́ máa wò, Onígò so ìborí rẹ̀ le, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìwé ni wọ́n ní àwọn ń tẹ̀ lé, kí wọ́n máa tẹ̀ lé ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ́ wá bá a. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Òógùn ti bo olóyè.

"Onígò, jọ̀ọ́. Ṣe nǹkan yẹn."

"Nǹkan wo, ọ̀gá?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Kò sí nínú ìwé, ọ̀gá. Ìgò lèmi ń fọ̀."

"Tí wọ́n bá lọ báyìí, iṣẹ́ ogún ọdún ló lọ yẹn."

"Mọ́kànlá nínú ẹ̀, tèmi ni." Kò gbóhùn sókè. "Ẹ sọ ọ́ níwájú wọn, kí ẹ sì kọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa lọ."

Ẹ̀rù ń ba Onígò. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lójú ọkùnrin náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ilẹ̀, ó wo ìlẹ̀kùn, kò rí ibi gbà. Ó padà lọ bá àwọn onídàájọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ irun náà fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Onígò tú ìborí, ó fa irun kan tu lójú gbogbo wọn, ewú ni, ó fi kan wóró àtijọ́, ó sì fa ìlà náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wóró ti tò lọ gbọọrọ nínú àwo, wọ́n ń dán. Ìyá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn onídàájọ́ wò ó pẹ́ kó tó gbórí sókè. Ó ṣí ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n síbi tí orúkọ wà, ó na kálámù sí Onígò.

"Ẹ kọ orúkọ yín síbẹ̀ fúnra yín."

Ó kọ ọ́, tòun ti orúkọ bàbá rẹ̀, kò kánjú. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń kà á lábẹ́ ètè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka orúkọ àjèjì. Onígò dá kálámù dúró, ó ń wò ó. Ọdún mọ́kànlá, ọkùnrin náà kò mọ orúkọ rẹ̀ rí.